Ìdáyátù àti Ṣọ́jà Tí Kò Sí

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìwé ìtàn mọ́kànlélógójì ni ó wà nínú àpótí bisikíìtì tí Ìdáyátù tì sábẹ́ àga rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ore. Mẹ́rin péré nínú wọn ni ó pé.

Èyí tó kù ti ya, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ṣálángá ni Ìdáyátù ń mójú tó. Àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Bìní àti ilẹ̀ Ìgbò máa ń dúró ní Ore kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá wọlé láìmú bébà dání á wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé, ìwé náà gbé. Á fa ojú ewé mẹ́ta mẹ́rin ya, á fi ìyókù sílẹ̀ lórí bíríkì, á sáré wọ ọkọ̀. Báyìí ni Ìdáyátù ṣe di ẹni tó ní ìwé ju àwọn ilé-ìwé kan lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó parí girama, ó sì yege, kò kàn sí ẹni tó rán an lọ síwájú. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ó ń wálé nígbà tó bá rántí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Toyibat, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Oǹdó. Ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́ ni kò ní nǹkan tó ń ṣe ju kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí ẹlòmíràn ti ń lóṣòó sórí ìṣòro ara rẹ̀, kó sì máa kàwé.

Kì í ka gbogbo ìwé. Ìwé ìfẹ́, ó ń fi ta àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì lọ́rẹ, wọ́n á fi wé ọjà. Ìwé àwọn pásítọ̀ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń di olówó, ó ń dá a padà sínú ṣálángá, níbi tó yẹ ẹ́. Irú kan ṣoṣo ló ń tọ́jú, ìyẹn ìtàn tó ń rìn lójú ọ̀nà méjì. Orí kìíní, òde òní: obìnrin kan nílùú òyìnbó, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ ọ́, jogún ilé ìyá àgbà rẹ̀. Orí kejì, ayé ogun: ìyá àgbà yẹn ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó lẹ́wà, ó sì ń fi nǹkan pamọ́. Orí kẹta, òde òní. Orí kẹrin, ogun. Wọ́n á máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń pọn omi nínú kànga méjì, títí a ó fi mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ní ó kú kò kú, tàbí pé bàbá kì í ṣe bàbá.

"Bàbá kì í ṣe bàbá ló pọ̀ jù," Ìdáyátù ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣọ́jà ló sì máa ń wà nídìí ẹ̀."

Orí tí wọ́n ti tú àṣírí gan-an ló sábà máa ń sọnù, nítorí pé ẹ̀yìn ìwé ló rọrùn láti ya. Ìyẹn kò dí Ìdáyátù lọ́wọ́. Orí ara rẹ̀ ló fi ń dí àlàfo. Yóò parí ìtàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń dúró kí ṣálángá ṣófo, yóò sọ ẹni tó bí ọmọ àti ẹni tó dalẹ̀, èrò á gbàgbé ohun tó gbé e wá, awakọ̀ á máa fọn fèrè. Ó dá a lójú pé òun kò ṣì í rí. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ṣì í rí, torí pé kò sí ẹni tí ojú ewé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti já a nírọ́.

Ogun wá sí Ore. N kò sọ̀rọ̀ ogun ìlú òyìnbó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 àwọn ṣọ́jà Bìáfúrà gba Bìní kọjá, wọ́n dé Ore, àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ pàdé wọn níbẹ̀, ènìyàn sì kú. Títí di òní, bí nǹkan bá le ju agbára lọ, Yorùbá á ní, "Ó le kú, ìjà Ore." Bi ẹni tó sọ ọ́ pé ta ló kú. Kò mọ̀. Mo gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì. Ìpínrọ̀ kan ni wọ́n fún ìjà Ore, wọ́n fún àwọn ọba ilẹ̀ òyìnbó ní sáà kan gbáko. Ìdáyátù, tó máa ń sunkún nítorí ìlú tí bọ́ǹbù bà jẹ́ ní ibi tí kò lè fìka tọ́ka sí lórí máàpù, jókòó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti jagun, kò sì bèèrè nǹkan kan títí di ọjọ́ tí mo dárúkọ lókè yìí.

Lọ́jọ́ náà ó ń ka ìwé kan tí obìnrin inú rẹ̀ ṣàkíyèsí pé orúkọ tí wọ́n sọ bàbá òun kì í ṣe irú orúkọ tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ìwé ya. Ìdáyátù gbé e kalẹ̀, ó wo ọ̀nà márosẹ̀ díẹ̀, ó sì pe Ṣẹ́gun, agbèrò tó ń pe èrò Okitipupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣẹ́gun, kí lorúkọ bàbá mi?"

"Bàbá Àbdùlràhmọ̀n. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, Ìyá Toyibat?"

"Orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé."

"Babátúndé."

"Ta ni wọ́n ń sọ ní Babátúndé?"

"Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú. Ta ni ò mọ ìyẹn?"

"Ó dáa. Kàmọ́rù ló bí bàbá mi. Bàbá tó bí Kàmọ́rù ṣì wà láyé nígbà yẹn, ó tiẹ̀ ti Ìwó wá síbi ìkómọ. Bàbá ìyá àgbà mi náà wà láyé. Bàbá wo ló wá padà dé?"

Ṣẹ́gun ronú. "Bóyá orúkọ yẹn kàn wù wọ́n ni."

"Orúkọ kì í wu ènìyàn báyẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1968 ni wọ́n bí i. Ka oṣù padà sẹ́yìn."

Ṣẹ́gun fi ìka kà á. Nígbà tó kan oṣù kẹjọ, eyín rẹ̀ yọ. "Ẹ jọ̀ọ́. Ìjà Ore."

"Ṣọ́jà ni," Ìdáyátù wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣọ́jà Bìáfúrà. Ó fara gbọta, ó sá wọ igbó, ìyá àgbà mi fi í pamọ́ sábẹ́ kòkó. Àwọn ṣọ́jà ìjọba wá pa á. Ó kú kí wọ́n tó bí ọmọ rẹ̀. Òun ni bàbá tó padà dé."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti wá di Ìgbò nìyẹn?"

"Ìdá kan nínú mẹ́rin," Ìdáyátù dáhùn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá dúró. Ní ọjọ́ Ajé, ṣọ́jà náà ga. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ń ta gìtá. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, orúkọ Ùmmúkùlsùm, ìyá àgbà Ìdáyátù, ni ó fi kú sẹ́nu. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eli dúró lórí ìlà lọ́jọ́ náà, ó di inú mú, ó sì gbọ́ ọ tán. Eli ni awakọ̀ Olóyè Ògúndípẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré nìyẹn. Ilẹ̀ tí oko bàbá Ìdáyátù wà, nítòsí Araromi-Obu, ti ìdílé Ògúndípẹ̀ ní Odigbo ni. Kàmọ́rù ti Ìwó wá ṣáájú ogun, wọ́n fún un ní igbó, ó gbin kòkó, ó kọ́ ilé, àwọn ará Ìwó mìíràn wá bá a, ó di kámpù. Ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Àdéhùn wọn rí bí ti gbogbo igbó wa: ọmọ bíbí inú àlejò ni yóò máa jẹ oko náà. Bí kò bá sí ọmọ, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ kan ti ń yọjú sí Olóyè ló ti ń wá bí yóò ṣe gba ilẹ̀ náà. Bí Àbdùlràhmọ̀n kì í bá ṣe ọmọ Kàmọ́rù, oko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé bọ́, kámpù tú. Ìdáyátù mọ àdéhùn yìí láti kékeré. Kò wá sí i lọ́kàn. Inú ìtàn ló wà.

Bàbá rẹ̀ pè é lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀.

"Ìdáyátù."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Kí lo sọ fún àwọn ènìyàn ní Ore?"

"Nípa kí ni, Bàbá?"

"Nípa ìyá mi."

Ìdáyátù ti ìwé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àga.

"Olóyè ń bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀. Ó ní kí n ti máa di ẹrù mi. Ìwọ náà máa bọ̀. Kó àwọn ìwé rẹ dání. Bí wọ́n bá lé wa jáde, a máa nílò nǹkan tí a ó máa jókòó lé."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Ìdáyátù fi ṣálángá sílẹ̀ fún Ṣẹ́gun, ó gun ọ̀kadà gba ọ̀nà igbó lọ. Ẹni tó bá ń wá àbámọ̀ kó wá a síbòmíràn. Ọlọ́kadà tó gbé e sọ fún mi pé gbogbo ohun tí Ìdáyátù ń bi òun lójú ọ̀nà ni bóyá imú bàbá rẹ̀ jọ ti ará Yorùbá.

Nígbà tó dé kámpù, wọ́n ń fọ́ kòkó lọ́wọ́. Ìyá Àgbà, tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, jókòó sórí àpótí láàárín wọn, àdá kékeré lọ́wọ́, ó ń la èso kòkó sọ́tùn-ún, ó ń ju èèpo sósì. Kò wo Ìdáyátù nígbà tó kúnlẹ̀ kí i. Zubair, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ló dá a lóhùn. "Ọmọ ṣọ́jà, káàbọ̀."

Olóyè Ògúndípẹ̀ dé. Ó dàgbà ju Ìyá Àgbà lọ díẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, Eli gbé àga dání lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Àbdùlràhmọ̀n, mo gbọ́ pé ọmọ ṣọ́jà ni ọ́."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

"N kò wá jókòó. Ọmọ tí o bí ló sọ ọ́, Eli gbọ́ ọ. Orúkọ rẹ gan-an sì jẹ́rìí sí i. Bàbá wo ló kú, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Babátúndé? Dárúkọ rẹ̀, màá padà sílé. Bí o kò bá rí i dárúkọ, àdéhùn wa ti tán nìyẹn."

Àbdùlràhmọ̀n wo ìyá rẹ̀. Ó mọ orúkọ náà. Gbogbo ẹni tó wà lórí kòkó ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n ìyàwó rẹ̀ kó tó kú, níwọ̀n ìgbà tí obìnrin náà bá sì wà láàyè, kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún ará ìta.

Ìdáyátù ló dìde. "Ìyá Àgbà, ẹ sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nínú àwọn ìwé tí mo ń kà…"

"Jókòó," Ìyá Àgbà wí. "Ṣé ìwọ la jọ wà lábẹ́ kòkó?"

Zubair rẹ́rìn-ín.

"Ó ní mo gbé ṣọ́jà pamọ́. Ṣọ́jà wo? Oyún ti wà nínú mi kí ṣọ́jà kankan tó dé Ore lópin oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka oṣù, ẹ tún un kà. Mò ń bì láàárọ̀, mò ń bì lálẹ́, iṣu tútù là ń jẹ, èèrà ń jẹ wá. Kàmọ́rù tó fún mi lóyún gan-an, mi ò fẹ́ rí i sójú. Ibo ni mo ti máa ráyè ṣọ́jà?" Ó la kòkó kan. "Olóyè, ẹ ní kí a dárúkọ bàbá tó kú."

"Ọmọ rẹ ni mo ní kó dárúkọ rẹ̀."

"Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ògúndípẹ̀ ni."

Ó ju èèpo sósì.

"Bàbá yín ni. Nígbà tí ìbọn ń dún, ẹ wọ lọ́rì, ẹ̀yin àtàwọn àbúrò yín, ẹ lọ sí Okitipupa. Ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ wá gbé e, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí yín. Kàmọ́rù lọ wò ó, ó bá a níbẹ̀, ó ti dé fìlà, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n wá síbí. Omi odò ló pa á, ìgbẹ́ gbuuru, kì í ṣe ìbọn. Títí tó fi kú, bó bá gbọ́ ìró ohunkóhun nínú igbó, á ní, 'Àwọn ọmọ mi ti dé.'"

Olóyè fi ọwọ́ kan àga tí kò fẹ́ jókòó lé.

"Kàmọ́rù wẹ̀ ẹ́, ó sì sin ín. Ìdí pèrègún yẹn ló wà. A ò ní bàbá mìíràn nílẹ̀ yìí, òun ló fún wa ní igbó. Nígbà tí mo bímọ, Kàmọ́rù ní bàbá wa ti padà dé. Orúkọ ọmọ mi nìyẹn. Nígbà tí ẹ wá ti ìsásà dé, Kàmọ́rù rìn dé Odigbo láti sọ fún yín. Ó bá yín níbi tí ẹ ti ń pa màlúù. Ẹ ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọwọ́ yín ni bàbá kú sí, ẹ ti gbé pósí kalẹ̀. Kí ló kù tó fẹ́ sọ? Ó padà wálé. Ó ní kí a má dójú tì yín."

Eli ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Olóyè, sàréè iwájú ilé ńkọ́? Èyí tí mo máa ń kùn ní gbogbo Kérésìmesì?"

Olóyè fi èdè Ìkálẹ̀ dá a lóhùn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ará Ìwó gbọ́. Gbogbo wọn gbọ́. Wọ́n ti ń gbé níbẹ̀ kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ Ìkálẹ̀ tó dáyé. Ó ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn gbé sínú pósí.

"Wọ́n ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ohun à ń pọ́n àdá sí," Zubair wí fún èso kòkó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwọn kan pa màlúù fún un."

"Zubair, panu mọ́," Àbdùlràhmọ̀n wí.

"Ẹ̀yin lẹ bèèrè, Olóyè," Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ tí ẹ wá lé jáde, bàbá yín tó padà dé ni. Ẹ kí i."

Kò dọ̀bálẹ̀. N kò ní purọ́ torí kí ìtàn lè dùn. Ohun tó ṣe ni pé ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní bí bàbá òun bá sùn sínú ilẹ̀ yẹn, a jẹ́ pé ilẹ̀ náà tún wá di tòun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Òótọ́ ni," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ hú u, kí ẹ gbé e gba àárín Odigbo kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn ènìyàn yín á bi yín léèrè ta ni."

Olóyè ṣí fìlà, ó tún un dé. Ó ní kí Eli ká àga. Kò yà síbi pèrègún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gbà kọjá lọ sínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú ó ránṣẹ́ pé kí Àbdùlràhmọ̀n máa jẹ oko rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ló rán iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìmoore. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ìrònúpìwàdà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Olóyè lọ tán, Ìdáyátù wá kúnlẹ̀ síwájú àpótí.

"Ìyá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"A máa ń sọ ọ́ lọ́dọọdún tí a bá ń fọ́ kòkó. Zubair mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Zubair mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni o kì í wá fọ́ kòkó."

"Ẹ má bínú."

"Ó dùn ọ́ pé kì í ṣe ṣọ́jà, àbí?"

Ó dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ore, n kò sì tíì forí jì í. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan gbé mì kí ojú má baà ti ọmọ ẹlòmíràn, tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló fipá fà á jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú awakọ̀, nítorí pé ó fẹ́ kí ìyá àgbà òun jọ ti òyìnbó. Eli ti sọ ọ́ kiri Odigbo, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́. Ìyá Àgbà na èso kòkó kan sí i. Wọ́n jọ ń là á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdáyátù ti padà sí Ore. Ó ṣì ń kàwé, àmọ́ kò jẹ́ sọ ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni. Ṣẹ́gun ló ń sọ ọ́ fún èrò Okitipupa. Ó gbìyànjú láti sọ ọ́ bó ṣe rí, pẹ̀lú arúgbó tó dé fìlà sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbọ́ ọ parí. Ó ti dá ṣọ́jà náà padà sínú rẹ̀. Ó tún ti fún un ní gìtá.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ìwọ náà ń retí ṣọ́jà yẹn. Má purọ́. Àwọn tó sá wọ igbó lọ́dún 1967 kò pọ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ń gbé nínú ìdílé rẹ tàbí ládùúgbò rẹ. Lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Pa fóònù rẹ. Gba iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Má sọ ohun tí o rò fún un. Bi í léèrè ẹni tó kú, àti ibi tí wọ́n sin ín sí, kí o sì panu mọ́ títí yóò fi sọ ọ́ tán.